Àìsàn Èrò Tí Kì í Jẹ́ Kí Ènìyàn Sinmi, àti Iṣẹ́ Abẹ Tí A Ń Ṣe sí I

Kí ènìyàn fọ ọwọ́ nígbà tí ó bá ti oko dé, ohun tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn a máa fọ ọwọ́ títí awọ yóò fi bó, tí wọn a sì tún padà sí ìdí omi. Ẹlòmíràn a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a sì dìde nígbà mẹ́wàá lóru láti wò ó bí ó bá tì. Òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé asán ni. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró. Èyí kì í ṣe oríkunkun, kì í sì í ṣe èpè. Àìsàn ni; OCD ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Ohun méjì ni a kọ́kọ́ ń ṣe sí i. Èkíní ni pé olùtọ́jú a máa mú aláìsàn súnmọ́ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí ó ṣe àṣetúnṣe rẹ̀, títí ẹ̀rù náà yóò fi rọlẹ̀. Èkejì ni oògùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń rí ìtura báyìí. Bí ìwọ̀nyí bá kùnà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí aláìsàn kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́, nígbà náà ni a tó lè dá ọ̀rọ̀ abẹ sílẹ̀.

Ìtàn abẹ yìí kò dùn. Ní 1935 ni Egas Moniz, ní ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgàl, bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí a ba àwọn fọ́nrán kan jẹ́ ní iwájú ọpọlọ àwọn aláìsàn ọkàn. Ní 1949 a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Iṣẹ́ náà tàn dé Amẹ́ríkà, a sì fi ìkánjú ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, púpọ̀ láìgba ìyọ̀ǹda wọn. Àwọn kan kú. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n wọ́n dàbí ilé tí onílé ti kó jáde.

Ti òde òní yàtọ̀. Ibi kékeré kan, tí a ti fi ẹ̀rọ yàwòrán rẹ̀, ni a ń fọwọ́ kàn. Ọ̀nà mìíràn kò tilẹ̀ gé nǹkan kan: ní 1999 àwọn oníṣègùn ìlú Leuven ní Bẹ́ljíọ̀m ròyìn pé wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ, kí iná díẹ̀ lè máa gbà á kọjá. Bátìrì tí a sábà ń fi sábẹ́ awọ àyà ni ó ń rán iná náà. A lè pa á, a sì lè yọ ọ́.

Nǹkan bí ìdajì àwọn tí a ṣe é fún ni ó ń rí ìtura tí ó hàn. Ìwòsàn pátápátá ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ọpọlọ, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, gìrì lè mú ni. Nítorí náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí ó gbà kí a tó ṣe é.

Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ní irú àìsàn yìí, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì ṣe nà án. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ọ̀ràn má ba di ti abẹ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.