Yíyan Ètò Kọ̀ǹpútà fún Ilé-Iṣẹ́ Wa

Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ó ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ ọjà, gbèsè oníbàárà àti owó oṣù bá wà nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àdánù a máa fara pamọ́. Kí a tó rí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ètò bí Odoo àti ERPNext a máa so wọ́n pọ̀: bí a bá ta àpò sìmẹ́ǹtì kan, iye tí ó kù yóò dín, owó rẹ̀ yóò sì wọ ìwé ìṣirò. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé àti kíkọ́ òṣìṣẹ́ ní owó tiwọn. Ìhìnrere Lúùkù orí 14 kọ́ wa pé kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye rẹ̀.

Nítorí náà, kí a fi àkọsílẹ̀ oṣù kan dán ètò náà wò, kí a sì bi ẹni tí ń tà á pé: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé títà yóò dúró? Bí a bá fẹ́ kúrò, ṣé a ó lè kó àkọsílẹ̀ wa dání? Bí kò bá ṣeé ṣe, ìdẹkùn ni.

Kí ẹni tí ń kọ owó sílẹ̀ má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà kò lè sọ aláìṣòótọ́ di olóòótọ́. Àwa ìríjú ni a ó jíhìn.