Àrùn Lupus àti Ọpọlọ Ènìyàn

Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní lupus. Èdè Látìnì ni orúkọ náà, ìkookò sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Awọ ara nìkan ni a kọ́kọ́ rò pé ó ń jẹ. Ní ọdún 1872 ni Moriz Kaposi, oníṣègùn ní ìlú Vienna, kọ̀wé pé ó ń wọ inú ara lọ, ó sì lè da iyè ènìyàn rú.

Ọlọ́run fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá kòkòrò àrùn jà. Nínú lupus, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí onílé mọ́. Wọn a kọjú ìjà sí ilé tí a ní kí wọ́n máa ṣọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ a dì nínú iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ, ẹ̀gbà a sì kọlu ẹni tí kò tíì dàgbà. Nígbà mìíràn ìjà náà a dé inú ọpọlọ tìkára rẹ̀: wárápá a bẹ̀rẹ̀, tàbí kí aláìsàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Bí ó bá kan mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ a kú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé àti ìrònú tí kò já gaara wọ́pọ̀ púpọ̀. A sì máa ń pe èyí ní ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga.

Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń mú, bí 9 nínú 10, ó sì wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Mo ti rí ọmọbìnrin tí ń sọ ìsọkúsọ tí a fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́lẹ̀ nítorí pé a ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Èmi kò kọ àdúrà. Iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ǹjẹ́ oríkèé ń dùn ún? Ǹjẹ́ irun rẹ̀ ń re? Ǹjẹ́ àbàwọ́n bí ìyẹ́ labalábá wà lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí oòrùn ń mú le sí i? Lára wa, ó lè ṣú dúdú dípò kí ó pọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Oògùn bíi prednisolone àti hydroxychloroquine a máa pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, bí wọn kò tilẹ̀ lè fa àrùn náà tu. Prednisolone pàápàá lè da ọkàn rú bí ó bá pọ̀. Ẹ sọ èyí fún oníṣègùn kí ó dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ewu ńlá ni fún ẹni tí ó ti lò ó pẹ́ láti dá a dúró lójijì.