Májèlé tí Ojú Kò Rí: Ìmọ̀ràn Nípa Àyẹ̀wò Àgbàdo, Ẹ̀pà àti Oúnjẹ Adìẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin olùsìn adìẹ, àṣà kan wà láàrin wa tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀. Nígbà tí a bá ṣa àgbàdo tàbí ẹ̀pà, èyí tí ó dára ni a ń gbé sínú ìkòkò, èyí tí ó hu èbu ni a sì ń dà sí iwájú adìẹ, a ó sì wí pé ẹran ọ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni ẹnu adìẹ kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọ̀ràn yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ ní àdúgbò OPIC, ní Mowe, Ibafo àti Ifo, nítorí pé ẹni tí ó ra àgbàdo lọ́jà kò mọ bí a ti sá a, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ọjọ́ tí ó ti lò nínú àpò.

Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́wọ̀ọ́wọ́, àwọn tí ó kú sì ju 100,000 lọ. Àwọn dókítà ẹran kò mọ ohun tí ó fà á, wọ́n sì pè é ní àrùn X. Lẹ́yìn ìwádìí, wọ́n rí i pé kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Inú oúnjẹ ni ikú wà: ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, tí a kó wá láti Brazil, ni a pò mọ́ oúnjẹ wọn, èbu tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus flavus sì ti hu lára rẹ̀. Oró èbu yìí ni a sọ ní aflatoxin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹyẹ nìkan ni ó ń pa. Ní ọdún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn Kenya, àwọn ènìyàn jẹ àgbàdo tí a kó pamọ́ ní tútù. Ẹni 317 ni ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí oró náà máa wọ ara díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B. Sísè kò pa á, bẹ́ẹ̀ ni omi kò lè fọ̀ ọ́ tán.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí ojú nìkan kò tó. Àgbàdo tí ó mọ́ lójú lè ní oró nínú. Ẹ jẹ́ kí a ro àpò àgbàdo 10,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 100. Bí oró inú gbogbo wọn bá ju gíráàmù 20 lọ, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ènìyàn jẹ ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ ọkà, òfin ìṣọ̀kan Yúróòpù le jù bẹ́ẹ̀: gíráàmù 4 péré ni, bí ìwọ̀n ṣúgà ṣíbí kékeré kan. Ojú ta ni ó lè rí i?

Nítorí náà ni a fi ń gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀ wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a fi irú ọtí líle kan tí kì í ṣe mímu fa oró inú rẹ̀ jáde, wọn a sì ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ omi náà. Ìlà tí ó bá yọ lára bébà ni yóò sọ bí oró ti kọjá ààlà. Ẹ̀rọ ńlá sì wà tí ń sọ iye rẹ̀ gan-an. Àjọ NAFDAC ní ilé àyẹ̀wò ní Òṣòdì. IITA, ibùdó ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, sì ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò kò lè sọ ju ohun tí a gbé fún un lọ. Oró yìí kì í pín dọ́gba nínú àpò. Hóró kan lè kún fún un, kí ọgọ́rùn-ún tí ó yí i ká má ní nǹkan kan. Ẹni tí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan ní ẹnu àpò, tí ó sì gbé e lọ, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ àpò. Ẹ má ṣe ṣa rere, ẹ má sì ṣe ṣa búburú.

2. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní tí ó mọ́, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ mú ìdá méjì tí ó kọjú sí ara wọn, ẹ tún pò wọ́n, ẹ tún pín wọn, títí yóò fi ku nǹkan bí kílò méjì.

3. Ẹ dì í sínú àpò bébà tí ó gbẹ, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rà á sí i lára, kí ẹ sì tètè gbé e lọ.

Bí owó àyẹ̀wò bá wúwo fún ẹnì kan, kí olùsìn adìẹ bíi mẹ́wàá dáwó pọ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹrù ọkọ̀ kan wò kí wọ́n tó pín in.

Dídènà sàn ju wíwò lọ. Ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ àti àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ mì í dáradára. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tí ì gbẹ tó. Ẹ to àpò sórí pákó, kí ó má ṣe kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Fún ẹni tí ń gbin àgbàdo tàbí ẹ̀pà, oògùn oko kan wà tí ń jẹ́ Aflasafe, tí IITA àti àwọn ará Amẹ́ríkà jùmọ̀ ṣe, tí NAFDAC sì fọwọ́ sí ní ọdún 2014. Èbu tí kò ní oró ni ó wà nínú rẹ̀. A ń fọ́n ọn sí oko ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀gbìn tó yọ òdòdó, yóò sì gba ààyè lọ́wọ́ èbu olóró.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé oró ti kọjá ààlà ńkọ́? Níbẹ̀ ni a ó ti mọ Kristẹni. Ẹ má ṣe tà á fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe dà á fún adìẹ, ẹ má sì ṣe pò ó mọ́ èyí tí ó dára láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Àdánù náà yóò dùn yín, a mọ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tí ó rọ àwọn ará Tẹsalóníkà láti dán ohun gbogbo wò kò ní kí a dán an wò, kí a sì fi èyí tí ó burú bọ́ ọmọ aládùúgbò wa.