Ẹ̀bọ́lọ̀, Ẹ̀búrẹ́ àti Wọ̀rọ̀wọ́: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Wọ́n Yàtọ̀ Síra Wọn

Bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá pàtẹ ẹ̀bọ́lọ̀ àti ẹ̀búrẹ́ ní ọjà Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà, “ẹ̀bọ́lọ̀” ni ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ yóò pe méjèèjì. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Inú ẹbí ewúro, yánrin àti imí eṣú ni wọ́n wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Asteraceae. Àmì ẹbí yìí ni pé ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo, òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó há mọ́ra nínú rẹ̀.

Òdòdó yìí gan-an ni kí a kọ́kọ́ wò. Ti ẹ̀bọ́lọ̀, Crassocephalum crepidioides, pupa bí bíríkì, ó sì máa ń dorí kodò bí ẹni tí ojú ń tì. Ti ẹ̀búrẹ́, Crassocephalum rubens, jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ọrùn rẹ̀ a sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Kí òdòdó tó yọ ni iṣẹ́ wà. Ewé méjèèjì lè ya nísàlẹ̀, nítorí náà ewé nìkan kò tó ṣe ìdájọ́. Ẹ fi ọwọ́ ra á, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn ẹ̀bọ́lọ̀ kò ṣe é fi pamọ́; àwọn kan kì í jẹ ẹ́ rárá nítorí rẹ̀ (n kò sí lára wọn o). Oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tí a sì dáná sun ni ó fẹ́ràn láti hù sí, nítorí èso rẹ̀ ní òwú funfun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e kiri.

Wọ̀rọ̀wọ́ kò ṣòro. Ó máa ń fà, abẹ́ ibòji kòkó ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín sí, igi rẹ̀ ni wọ́n sì ń gé gbìn. Òdòdó rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kò tètè fẹnu kò lórí rẹ̀. Wọ́n pè é ní Senecio biafrae, wọ́n tún kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀bọ́lọ̀ nínú Crassocephalum, kí Jeffrey tó gbé e lọ sínú Solanecio ní 1986. Yorùbá ti fún un ní orúkọ tirẹ̀ tipẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà kan tí ń jẹ́ jacobine nínú ẹ̀bọ́lọ̀, irú èyí tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìwádìí kan ní 2021 fi hàn pé ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀bọ́lọ̀ tí nitrogen ilẹ̀ kò tó fún. Bí dókítà bá wá ní kí aláìsàn ẹ̀dọ̀ yé jẹ ẹ̀bọ́lọ̀, kí ni ọmọ tí a rán lọ sí ọjà yóò rà bọ̀? Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá sì ń kọ orúkọ ewé sílẹ̀ ní Àkókó, kí ó dúró di ìgbà tí òdòdó bá yọ kí ó tó béèrè.