Ìbọn Àlejò
Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2025, Amẹ́ríkà rọ àdó olóró láti ojú òkun lé àwọn apániláyà lórí ní Sókótó, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba wa. Àwa kò ṣọ̀fọ̀ apànìyàn, a kò sì kọ ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ Ìyìn-Èkìtì, ẹ rántí Èkó. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lù ú, wọ́n ní àwọn yóò pa òwò ẹrú run. Òwò ìkà ni lóòótọ́. Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè padà sórí oyè. Ní 1861, ọkọ̀ ogun tún dé: Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìbọn àlejò tó tún dún, kí ìjọba sọ fún Ilé Aṣòfin ní Àbújá ibi tí yóò mọ àti ọjọ́ tí yóò dákẹ́.