Kí Katakata Tó Dé: Ẹ Tú Ilé Yín Kó Lọ

Ẹ̀yin onílé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, láti ọdún 2009 tí ìjọba ti ń fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì lójú, ọ̀pọ̀ ilé ló ti di àwókù. Iṣẹ́ ò sì tíì tán. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Okokomaiko ló ń bọ̀. Bí ẹ bá rí àmì X pupa lára ògiri yín, ẹ má jókòó máa retí katakata.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n á fi jáàkì gbé e kúrò lórí ìpìlẹ̀, wọ́n á gbé e ka ọkọ̀ gígùn, ó di àdúgbò mìíràn. Búlọ́ọ̀kù ni tiwa. Ẹni tó bá ní òun á gbé ilé búlọ́ọ̀kù yín lódindi láti Ìyànà-Ìbà lọ sí Ìgbo-Ẹlẹ́rin, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọntéínà àti ilé pákó kéékèèké nìkan ló ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Ìyókù, ẹ tú u.

Òkè la ti ń tú ilé. Kápẹ́ńtà á yọ páànù, á tú pákó òrùlé, á fa ìṣó ara wọn yọ. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, géètì, wáyà àti tánkì omi á tẹ̀ lé e. Irin inú òpó ṣeé nà padà, àmọ́ ẹ má fi gbé dẹ́kì láéláé. Ògiri ọgbà ni kí ẹ fi ṣe. Búlọ́ọ̀kù kì í sábà jáde lódindi, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ wúlò láti fi kún ilẹ̀ àbàtà, èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe owó nìkan lẹ ó fi pa mọ́. Sìmẹ́ńtì tó ń ti Ewékorò wá, òkúta ni wọ́n fi iná tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 °C sun. Sìmẹ́ńtì ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 èéfín kábọ́nì tí ọmọ aráyé ń tú sí afẹ́fẹ́. Iyanrìn ńkọ́? Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń wà á. Ohunkóhun tí ẹ bá tún lò, ẹ ò ní í ra tuntun rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àjà asbestos aláwọ̀ eérú tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́. Ekuru rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó farahàn. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e, kí ẹ sì pe LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí l'Ékòó. Ẹ má tún un lò, ì báà jẹ́ fún ilé adìẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wá já iná. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìwólé lọ́dọ̀ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ àti ilé wíwó, kí ẹ sì gba ti ìkọ́lé fún ilẹ̀ tuntun lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ má san owó ìwé àṣẹ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; báǹkì ni kí ẹ san án sí, ẹ sì gba rìsíìtì.