Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Ìlera Tó Fẹ́ Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ Lọ́jọ́ Àjálù

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ja báńkì márùn-ún lólè. Ẹ̀mí tó lé ní 30 ló bá a lọ, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìbọn, nípa owó àti nípa ẹjọ́ tó tẹ̀lé e. Ìbéèrè mìíràn ló gba ọkàn mi: bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, tí nọ́ọ̀sì tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wà nítòsí ẹni tó fara gbọta, kí ni ó ti mọ̀ ṣáájú?

Ó yẹ kí ó mọ òfin. Láti ọdún 2017 ni òfin Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gba ẹni tó fara gbọta lójú ẹsẹ̀, ì báà ní ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ì báà má ní. Wọn kò gbọdọ̀ torí owó àsansílẹ̀ dá a dúró. Láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn yóò fi tó ọlọ́pàá létí.

Ó tún yẹ kí ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó ń pariwo jù lè má jẹ́ ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lè dákẹ́ síbẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ ṣe àmì sára àwọn tó fara pa. Pupa ni ti ẹni tí kò lè dúró rárá, yẹ́lò ni ti ẹni tó lè ní sùúrù díẹ̀, àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Dúdú ni ti ẹni tó ti kú tàbí tí ìrànwọ́ tó wà nílẹ̀ kò lè gbà là. Àánú nìkan kò lè kọ́ni ní èyí.

Ọdún 2014 jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia ní oṣù Keje, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn. Dókítà náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ. Ìbẹ̀rù gba ìgboro. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ti mọ bí a ṣe ń wá ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n sì lò. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ti yọ̀ǹda ara wọn lọ sí Liberia àti Sierra Leone lábẹ́ àṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà.

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìmúrasílẹ̀ ló ń gbé ìgboyà ró. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, dókítà àti apòògùn tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nísinsìnyí tí ara tu ìlú. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa darí yín, ohun ìdáàbòbò tí wọn yóò fún yín, àti bóyá adójútòfò wà fún yín. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí òbí yín gbọ́ ṣáájú. Ẹni tó sáré wọ inú àjálù láìmúra lè di ẹni tí àwọn ẹlòmíràn yóò tún máa gbé.

Ìlú ìjàkadì ni Ọ̀fà. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ pé ojú agbo kọ́ ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń dì mú.